Afura Ògiri: Àlàyé lórí Jíìnì WSC1 inú Ìwúkàrà àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́ ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa tí a fi ìlú Sókótó ṣe ibùgbé a máa fi òwe yìí dá ara wa lára yá, nítorí pé ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ẹnu lásán dárúkọ ni ilé wa wà. Ṣùgbọ́n òwe náà di ohun tí a fojú rí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Yorùbá tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, wá bá wa. Ìyá rẹ̀ a máa ṣe búrẹ́dì tà ní ìgboro Sókótó. Wọ́n ti kọ́ ọmọ náà ní kíláàsì pé jíìnì kan wà nínú ìwúkàrà tí ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì mọ̀ nígbà tí ògiri ara rẹ̀ bá wà nínú ìnira. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Bí o kò bá lè sọ ọ́ fún mi kí ó yé mi, ó lè jẹ́ pé kò tíì yé ìwọ náà." Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọ náà. Ó bi wá léèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni Yorùbá ń pè é?"

A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èròńgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé jíìnì náà, kí a sì wá orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé a kò lè rí orúkọ tí ó tọ́ fún ohun kan bí a kò bá kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́, àti pé orúkọ tí ó yá sí wa lẹ́nu lè ṣì wá lọ́nà.

1. Ìwúkàrà àti Ògiri Ara Rẹ̀

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà ìwúkàrà palẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe wú, àti ọ̀rọ̀-orúkọ àkàrà ni a óò rí. Àkàrà tí a ń wí níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ẹ̀wà dín. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú àwọn tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àkàrà ni wọ́n pe búrẹ́dì. Ohun tí ó ń mú un wú ni wọ́n pè ní ìwúkàrà. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nínú ọ̀rúndún kan náà ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ohun abẹ̀mí ni ohun tí ó ń mú nǹkan wú tí ó sì ń sọ oje èso di ọtí. Saccharomyces cerevisiae ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí tí àwa ń lò jù. Òun ni ó ń mú búrẹ́dì wú, òun náà sì wà lára àwọn tí ó ń mú ẹmu ọ̀pẹ hó.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni odindi ìwúkàrà kan. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to nǹkan bí 200 tẹ̀ léra wọn, mìlímítà kan péré ni wọn yóò gùn mọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó yí omi inú rẹ̀ ká, ògiri sì yí awọ náà ká. Ògiri yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Bí a bá gbẹ omi ara ìwúkàrà tán, ìdá 15 sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ni ó jẹ́ ti ògiri. Okùn ṣúgà tí à ń pè ní glucan ni igi àti ọ̀pá tí ó gbé ògiri náà dúró. Purotéènì tí ṣúgà mìíràn bò lára ni amọ̀ tí a fi rẹ́ ẹ níta. Díẹ̀ nínú chitin, ohun tí ó mú kí èèpo ara edé àti ti kòkòrò le, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi ògiri ṣe? Ẹni tí ó bá ti rẹ gàrí sínú ife rí ti mọ ìdáhùn. Bí a bá bu gàrí kún ife jù, tí a da omi sí i, yóò wú títí yóò fi kún àkúnya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi máa ń fẹ́ wọ inú ìwúkàrà láti ìta, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ki ju omi tí ó yí i ká lọ. Omi inú yóò máa ti awọ síta, ògiri yóò máa tì í padà sínú. Bí kò bá sí ògiri, sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ́.

Síbẹ̀, ògiri náà kò gbọdọ̀ le gbagidi bí òkúta, nítorí pé ìwúkàrà ń dàgbà, ó sì ń yọ ọmọ lára bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ ní ìdí. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ yọ ọmọ, ó ní láti dẹ ògiri níbi kan, nígbà tí omi sì ń tì í láti inú. Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ti ìwúkàrà ṣòro ju ti ilé lọ: ó di dandan kí ògiri rẹ̀ lanu, ó sì di dandan kí ó mọ ìgbà tí lílà náà bá fẹ́ di ewu.

2. Jíìnì WSC1 àti Àwọn Orúkọ Rẹ̀

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí ó wà lára DNA. Purotéènì ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ti ara àkọsílẹ̀ náà ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn dàbí èyí tí ó wà láàárín ìwé eré onítàn tí ó wà lórí pẹpẹ àti eré náà fúnra rẹ̀ lórí ìtàgé. Àwọn onímọ̀ a máa fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ jíìnì, WSC1, wọn a sì kọ ti purotéènì báyìí: Wsc1. Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ ọn pé kí a máa pe jíìnì ní àbùdá, bí àwọn kan ti ń ṣe. Àbùdá, gẹ́gẹ́ bí àwa olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ṣe ń lò ó, ni ohun tí a rí lára nǹkan tí a fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Jíìnì kì í ṣe ohun tí a rí. Àkọsílẹ̀ tí ó bí ohun tí a rí ni. A yàn láti lo ọ̀rọ̀ àyálò, jíìnì, kí ọ̀rọ̀ méjì má baà wọnú ara wọn.

Ní ọdún 1996 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ parí kíka gbogbo DNA ìwúkàrà. Kúrómósómù 16 ni wọ́n bá níbẹ̀, lẹ́tà DNA tí ó tó mílíọ̀nù 12, àti jíìnì tí ó tó nǹkan bí 6,000. Ní 1997 ni ìròyìn jáde nípa WSC1. Ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta náà ni ẹ̀yà tí ó wà fún pípé ògiri sẹ́ẹ̀lì àti fún ìdáhùn sí ìnira. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ olùwádìí kan ṣoṣo ni ó ṣe alábàápàdé rẹ̀. Àwọn kan pè é ní HCS77, àwọn mìíràn pè é ní SLG1, kí ó tó hàn pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń wí.

Èyí kò lè ṣe Yorùbá ní kàyéfì. Bàbá lè sọ ọmọ lórúkọ, kí ìyá àgbà ní èyí tí òun ń pè é, kí ó sì tún ní oríkì. Jíìnì yìí pàápàá ní ohun tí a lè fi wé oríkì orílẹ̀, èyíinì ni YOR008C. Y dúró fún ìwúkàrà. O, tí ó jẹ́ lẹ́tà kẹẹ̀ẹ́dógún nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ka sí kúrómósómù kẹẹ̀ẹ́dógún. R sọ pé apá ọ̀tún rẹ̀ ni. 008 sọ ipò rẹ̀ bí a bá ń kà á láti àárín lọ síta. C sọ èwo nínú okùn DNA méjèèjì ni a kọ ọ́ sí. Orúkọ àkọ́kọ́ ń sọ iṣẹ́ rẹ̀, oríkì yìí ń sọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

3. Bí Wsc1 Ṣe Ń Mọ̀

Amino acid 378 tí a so pọ̀ mọ́ra ni purotéènì Wsc1. Ó dúró lára sẹ́ẹ̀lì bí òpó tí a rì mọ́ ògiri láti inú ilé. Orí rẹ̀ wà nínú ògiri. Ọrùn rẹ̀ gùn, ṣúgà sì bò ó kítikìti. Ara rẹ̀ la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìrù rẹ̀ sì wà nínú omi inú sẹ́ẹ̀lì.

Ọrùn yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù àti ilẹ̀ Jámánì lo ẹ̀rọ kan tí ó ní abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín kọjá ohun tí ojú lè rí, wọ́n fi mú orí Wsc1 kan ṣoṣo lára ìwúkàrà tí ó wà láàyè, wọ́n sì fà á. Wọ́n rí i pé bí sípíríǹgì ni ó ṣe ń ṣe: bí a bá ṣe fi agbára fà á tó ni yóò ṣe nà tó. Níwọ̀n ìgbà tí orí rẹ̀ wà nínú ògiri tí ara rẹ̀ sì wà nínú awọ, bí ògiri àti awọ bá ń jìnnà síra wọn, tàbí tí wọ́n bá ń fún ara wọn, Wsc1 ni a ó fà tàbí tí a ó tẹ̀. Ìfàgùn yìí ni a gbà pé ó ń mú kí ìrù rẹ̀ ta àwọn tí ó wà nínú lólobó. Kò rí nǹkan kan, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ara rẹ̀ ni wọ́n fà.

Kì í ṣe Wsc1 nìkan ni ó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Purotéènì márùn-ún ni a mọ̀ tí ó ń ṣe é: Wsc1, Wsc2, Wsc3, Mid2 àti Mtl1. Wsc1 àti Mid2 ni ó ṣe pàtàkì jù. Orúkọ Mid2 wá láti inú gbólóhùn tí ó túmọ̀ sí ikú tí ìgbéyàwó fà, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní in a máa kú nígbà tí ó bá ń múra láti dà pọ̀ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kúrò, ìwúkàrà lè yè é. Bí a bá yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò bẹ́, àfi bí a bá fi ohun tí ó ki bí omi ṣúgà sí ìta rẹ̀ tí omi kò fi ní ráyè ya wọlé.

4. Bí Ìròyìn Ṣe Ń Dé Inú

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìrù Wsc1 bá ti ta wọ́n lólobó? Rom2 ni ó kọ́kọ́ gbọ́, òun ni ó jí Rho1. Rho1 ní iṣẹ́ méjì. Ní ọwọ́ kan, ó wà lára àwọn tí ó ń darí ẹ́ńsáìmù tí ń hun glucan, nítorí náà ó lè mú kí àtúnṣe ògiri bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọwọ́ kejì, ó ń rán ìròyìn lọ sínú. Ó jí Pkc1. Pkc1 jí Bck1. Bck1 jí Mkk1 àti Mkk2. Àwọn wọ̀nyí sì jí Slt2. Slt2 ni ó wọ kóró inú sẹ́ẹ̀lì lọ, níbi tí DNA wà, tí ó sì ru Rlm1 sókè láti ṣí àwọn jíìnì tí ó jẹ mọ́ kíkọ́ ògiri.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń jí ara wọn láti Pkc1 lọ yẹ ní àkíyèsí. Ohun kékeré kan tí à ń pè ní phosphate ni ẹni àkọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ ẹni kejì lára. Phosphate yìí kò sọ̀rọ̀, kò sì ní ìtumọ̀ kan nínú ara rẹ̀; ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí àti ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa mọ irú èyí. Àrokò ni. Owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ kò sọ ohun kan fún ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá dì í ní iye báyìí ránṣẹ́ sí ẹni báyìí, ọ̀rọ̀ ti dé. Bí a bá ń wá ọ̀nà tí a ó gbà ṣàlàyé ìfìròyìnránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, àrokò sún mọ́ ọn ju tẹlifóònù lọ.

Ooru wà lára ohun tí ó máa ń mú kí ìròyìn yìí bẹ̀rẹ̀, èyí sì ni ó mú ọ̀rọ̀ wa padà sí Sókótó. Níbi tí ooru bá wà ní nǹkan bí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara ti ń tu ìwúkàrà jù. Ní Sókótó, nínú oṣù kẹrin ọdún, ooru ọ̀sán a máa kọjá 40. Nínú yàrá ìwádìí, bí a bá gbé ìwúkàrà tí a ti yọ WSC1 lára rẹ̀ sínú ooru tí ó tó 37 sí 39, púpọ̀ nínú wọn a máa bẹ́. Àwọn tí ó ní i a máa tún ògiri wọn ṣe, wọn a sì yè. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ jíìnì yìí kò fi jìnnà sí ìyá oníbúrẹ́dì tí ó ń wá omi tútù po ìyẹ̀fun rẹ̀ nígbà ooru. Omi tútù ń dín ìnira ìwúkàrà kù láti ìta. Wsc1 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a fara dà á láti inú.

5. Alóre ni tàbí Afura?

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn fún irú purotéènì yìí ni alóre. Ó wù wá, nítorí pé ìlú olódi ni ó rán wa létí. Yorùbá mọ odi àti yàrà. Èrèdò Ṣúngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì wà títí di òní. Sókótó náà, tí Muhammad Bello tẹ̀ dó ní 1809, jẹ́ ìlú olódi. Níbi tí odi bá wà, alóre a máa wà tí yóò máa wo ọ̀nà jíjìn, kí ọ̀tá má baà ká ìlú mọ́lé.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi àlàyé apá kẹta wé e, àṣìṣe ni orúkọ yìí yóò bí. Alóre ń fi ojú wo ohun tí ń bọ̀. Wsc1 kò ní ojú. Alóre ń wo ìta. Wsc1 kò mọ ohunkóhun nípa ìta àfi ohun tí ó bá ti kan ògiri. Alóre ń kìlọ̀ kí ewu tó dé. Ìgbà tí ògiri bá ti ń jìyà ni Wsc1 tó mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi alóre kọ́ yóò rò pé purotéènì yìí ń rí ooru tàbí oògùn. Kò rí wọn. Ohun tí wọ́n ṣe sí ògiri ni ó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu ni fura. Bí a bá tú òun náà palẹ̀, fu àti ara ni a óò rí, bí ó ti hàn nínú ìpèdè bí i "ara fu mí" tàbí "ara ń fu ú". Kì í ṣe ojú ni ó fu, kì í ṣe etí, ara ni. Ẹni tí ara fu kò tíì rí nǹkan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti sọ fún un pé nǹkan kò lọ déédéé. Ohun tí Wsc1 ń ṣe gan-an nìyí. Bí a bá wá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- mọ́ ọn, a ó ní afura, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá apẹja àti akọrin. A dábàá afura ògiri fún irú purotéènì yìí, àti jíìnì afura ògiri fún àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní ti ohun tí ó ń jẹ ògiri níyà, ìnira tọ́ ju wàhálà lọ, nítorí pé a lè sọ pé ohun kan ni wá lára, a sì lè sọ pé ìnira pọ̀ tàbí kò pọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ní Sókótó níhìn-ín, fura ni Hausa ń pe mílíìtì tí wọ́n rọ roboto tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà mu, pé àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èdè kan kò lè torí aládùúgbò rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

6. Àǹfààní Mímọ Jíìnì Yìí

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sórí búrẹ́dì. Ìwúkàrà ní ìbátan tí ó ń ṣe ènìyàn ní ibi, irú bí àwọn Candida, tí ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù. Sẹ́ẹ̀lì ti ènìyàn kò ní ògiri. Nítorí náà oògùn tí ó bá kọlu ògiri lè pa wọ́n láìpa aláìsàn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni caspofungin, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001. Ó ń dí ẹ́ńsáìmù tí ń hun glucan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí oògùn náà bá ti ń ba ògiri jẹ́, ara ń fu sẹ́ẹ̀lì. Nínú ìwúkàrà, Wsc1 ni ó ṣáájú nínú mímọ̀ yìí, ìròyìn yóò sì wọlé, àtúnṣe yóò bẹ̀rẹ̀. Bí a bá lè di ẹnu afura ògiri nígbà tí oògùn ń bá ògiri jà, oògùn náà lè ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé orúkọ irú àwọn olóko-àrùn báyìí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dojú kọ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Candida auris, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní 2009, wà láàárín àwọn tí ó léwu jù níbẹ̀. Yorùbá ní ìfura loògùn àgbà. Àwọn wọ̀nyí náà ti sọ ìfura di oògùn tiwọn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé WSC1 ni àkọsílẹ̀ purotéènì tí ó fi orí kọ́ ògiri, tí ó fi ara la awọ, tí ìfàgùn ara rẹ̀ sì ń di ìròyìn tí a ń fi ránṣẹ́ bí àrokò títí dé ibi tí DNA wà. A tún rí i pé alóre, tí ó dùn mọ́ wa lẹ́nu, kò lè jẹ́ orúkọ rẹ̀, afura ni.

Iṣẹ́ irú èyí kì í ṣe tuntun. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó fi dé orí sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àkóso Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí èkejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ àkóso Ọládélé Awóbùlúyì, ṣe irú rẹ̀ fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ó fagi lé e. Ìjọba lè fọwọ́ sí i, ó lè fagi lé e, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tí yóò bá wa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ni. Bí a kò bá sì ṣe é, ọmọ tí ó lọ kọ́ ìmọ̀ yóò máa padà wálé bí odi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà padà lọ sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìwúkàrà ní afura lára ògiri rẹ̀, tí ooru bá mú un, ara a fu ú, a sì tún ilé rẹ̀ ṣe. Ó ní ìyá òun dákẹ́ díẹ̀, ó wo ìyẹ̀fun tí ó ń wú nínú agbada, ó wá ní, "Ìyẹn yé mi. Abájọ tí kì í fi í tètè kú." A kò mọ ìdánwò mìíràn tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tuntun yege ju ìyẹn lọ.